Ọwọ́ Mi Ni, Àbí Ẹ̀rọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a fi ojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní èdè Yorùbá, kò sì sí ọdún kan nínú wọn tí n kò fi òwe yìí kọ́ wọn. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òwe náà yóò wá jókòó tì mí, tí yóò sì sọ olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè kéré lójú ẹni tí kò bá dé ibi tí ó bá mi dé. Ọfà kékeré kan ni ó ń gbọ̀n lójú kọ̀ǹpútà mi. Ọfà náà kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, síbẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni n kò fi sùn dáadáa nítorí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹ̀yin òǹkàwé, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ní ìdílé àwọn ahunṣọ òfì. Ní ọdún 1983, nígbà tí ara mi ṣì le, mo gbé tépù rẹkọ́dà lọ sí agboolé wa, mo sì gba ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án. Oríkì ìdílé wa ni ó ń kì, láti orí àwọn bàbá ńlá títí dé orí àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní agboolé lọ́dún náà. Ìyá náà kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ìdílé wa kò ní ìwé mìíràn ju orí rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1986 ni ó fi ilẹ̀ bora. Nígbà tí a sin ín tán, ó wá yé mi pé kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn ni ó kù.

Kí ó tó kú ni mo ti da ohùn rẹ̀ kọ sórí ìwé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni mo lò, èyí tí ń ró kàkà-kàkà bí ìgbà tí ògà bá ń rìn lórí páànù. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní ẹ tàbí ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀. Bí mo bá tẹ ojú ewé kan tán, èmi yóò wá mú bírò, èmi yóò sì máa fi ọwọ́ ro àmì sí orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà bí ẹni ń ro ebè. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì ní ọdún 2009, mo pinnu pé n óò sọ iṣẹ́ náà di ìwé gidi. Ọlẹ ìgbà ogbó kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2021. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ ìyá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìdílé ti fi ẹnu kò pé oṣù kejìlá ọdún 2023 ni a óò pàdé ní Ìsẹ́yìn láti ṣe ìrántí rẹ̀, kí a sì pín ìwé náà fún ọmọ àti ọmọọmọ. Ilé ìtẹ̀wé ti ń dúró dè mí.

Ẹni tí kò bá tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà rí lè má mọ ìyà tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà bí ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ẹ lọ́tọ̀, ó máa ń tọ́jú àmì ohùn lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò so wọ́n pọ̀ bí ẹni fi fìlà dé ènìyàn lórí. Bí ọwọ́ bá ṣì díẹ̀, fìlà lágbájá yóò bọ́ sí orí tàmẹ̀dù. Àwa Yorùbá sì mọ ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Igbá tí a fi ń bu omi kì í ṣe ìgbà tí à ń lò láyé. Igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ kì í ṣe igba tí a fi ń ka owó. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbá tí a ń jẹ pẹ̀lú obì kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Àmì nìkan ni ó yà wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá ọdún náà, kọ̀ǹpútà mi sọ fún mi pé àtúnṣe tuntun dé, ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní ọ́pídéètì. Ó ní ṣé kí òun gbà á. N kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ mi pé inú àtúnṣe wọ̀nyí ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Mo ní kí ó gbà á. Mo lọ jẹun, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki ẹ̀rọ bọ iná, mo di máòsì mú, mo fẹ́ sún ọfà lọ sí ìlà tí mo ti dúró lánàá. Ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní kí ó lọ sí ọ̀tún, ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n lọ ni bí ẹni tí otútù mú. Mo fẹ́ fi í tẹ lẹ́tà kan, ó fò kọjá lẹ́tà náà, ó tún fò padà.

Èyí tí ó burú jù ni pé bí mo bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣẹ́jú, èyí tí ń fi ibi tí lẹ́tà yóò bọ́ sí hàn, yóò kàn fò kúrò níbi tí mo fi í sí ni, yóò lọ dúró sí àárín ìlà mìíràn. N kì í wo ojú ẹ̀rọ nígbà tí mo bá ń tẹ̀wé. Ìwé tí mo ń dà kọ ni mo máa ń wò. Nígbà tí mo bá fi máa gbé ojú sókè, ààbọ̀ gbólóhùn kan yóò ti wà nínú ikùn gbólóhùn mìíràn, àmì ohùn mẹ́ta mẹ́rin yóò sì ti ta sí orí ọ̀rọ̀ tí kò bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà báyìí. Mo ro pé mo ń borí rẹ̀, mo sì tẹ ojú ewé mọ́kàndínlógún.

Máòsì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kì í ṣe orúkọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi ọkàn tán, nítorí eku ni ìtumọ̀ rẹ̀. Douglas Engelbart, ará Amẹ́ríkà, ni ó ronú kàn án ní ilé ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ California, Bill English tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì bá a ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964. Igi ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀. Ó ní táyà kéékèèké méjì nísàlẹ̀, okùn kan sì gùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Ìrù yìí ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní eku. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1968 ni Engelbart fi í han ọ̀pọ̀ ènìyàn ní San Francisco. Èyí tí à ń lò lóde òní kò ní táyà mọ́. Iná kékeré kan ni ó wà ní abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tí kò tó ẹ̀wà, kámẹ́rà náà sì ń ya àwòrán ojú tábìlì ní ìgbà tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń yí padà nínú àwòrán ni ó fi ń mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ.

Nítorí náà, bí eruku bá dí ojú iná náà, tàbí tí a bá gbé e sórí gíláàsì tí ń dán, ó lè ṣìnà. Mo nu ojú rẹ̀. Mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo gbé e sórí páálí funfun. Mo yọ okùn rẹ̀ kúrò ní ihò kan, mo kì í bọ òmíràn. Mo yá máòsì ìyá àwọn ọmọ mi lò, òun náà sì gbọ̀n. Ìgbà tí máòsì kejì gbọ̀n ni ìbẹ̀rù wọ inú mi. Máòsì méjì kò lè jọ ya wèrè lọ́jọ́ kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ ní ni ọwọ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ ti bàbá mi níhìn-ín. Ahunṣọ tí orúkọ rẹ̀ kò kéré ni. Ní ìgbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ènìyàn a máa dúró lẹ́bàá òfì rẹ̀ láti wo bí ó ṣe ń ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tí òwú wà nínú rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, tí ó sì ń gbà á padà láìwò ó. Nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé itan, ọwọ́ a dákẹ́. Bí ó bá na ọwọ́ sí ọ̀kọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé. Odidi ọdún méjì ni ó fi sọ fún gbogbo ayé pé òwú ni kò dára mọ́, pé àwọn tí ń ran òwú ti ń fi ojú iṣẹ́ gbolẹ̀. Ó pààrọ̀ òwú, ó pààrọ̀ ọ̀kọ̀, ó tilẹ̀ tún òfì kàn. Ní ọjọ́ kan ó jókòó sídìí òfì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán láìhun nǹkan kan, ó dìde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Mo ti kà nípa irú nǹkan wọ̀nyí láti ìgbà náà. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, James Parkinson, kọ̀wé ní ọdún 1817 nípa àìsàn kan tí ó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ bá wà ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ, èyí tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nǹkan gan-an ni í bẹ̀rẹ̀. Irú kejì yìí a sì máa bá ìdílé rìn. Mo mọ èyí tí ó bá bàbá mi jà. Mo sì ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ìdánwò kan wà tí ìbá ti tú ọ̀rọ̀ náà fó lọ́jọ́ kìíní. Kí n ká ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ pátápátá, kí n sì wo ọfà. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ni. Bí ó bá dákẹ́, èmi ni. Ọmọdé lè ṣe é. Èmi kò ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, mo sì tẹjú mọ́ ọfà náà. Ó dúró jẹ́ẹ́. Mo ka ọgọ́rùn-ún, kò mì. Mo gbé ọwọ́ padà, ọ̀tún sórí máòsì, òsì sórí ìtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe, ọfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́rìí wo ni mo tún ń wá?

Mo mú bírò, mo kọ orúkọ mi sórí ìwé kan. Bí mo ti ń wò ó, ó jọ lójú mi pé gbogbo lẹ́tà ni ó ń gbọ̀n. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ọjọ́ náà lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pamọ́. N kò bu ọbẹ̀ fún ara mi níwájú ènìyàn mọ́. Bí ìyá àwọn ọmọ mi bá gbé tíì wá, n óò ní kí ó gbé e sílẹ̀ ná. N kò tẹ ìwé mọ́. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú àpótí, mo sì ń ronú ẹni tí mo lè gbé e fún nínú ìdílé, tí yóò mọ Yorùbá tó láti parí rẹ̀. N kò rí ẹnì kan. Àwọn tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa ti dàgbà jù mí lọ. Àwọn tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò kò mọ ohun tí ìyá náà ń sọ. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́kún kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Èrò pé èmi ni ìyá náà dúró lé lọ́wọ́, tí ọwọ́ náà sì fẹ́ yẹ̀, ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èyí tí í ṣe ọjọ́ kọkànlá, ọmọ àbúrò mi tí ó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá kí wa. N kò ránṣẹ́ pè é. Ó rí i pé ẹ̀rọ mi wà ní pípadé, ó sì bi mí léèrè pé, “Bàbá, ṣé ìwé ti parí ni?”

Mo ní, “Ó ku díẹ̀. Ẹ̀rọ ni kò fẹ́ gbọ́ràn.”

Ó ní, “Kí ni ó ń ṣe, sà?”

Mo ní ọfà ń gbọ̀n. Ó ní kí n ṣí i kí òun rí i. N kò fẹ́ ṣí i, nítorí n kò fẹ́ kí ó rí ọwọ́ mi. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ jókòó. Ó jókòó sí ààyè mi, ó di máòsì mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà bí ènìyàn ti máa ń ṣe. Mo rí ọfà tí ń gbọ̀n ní abẹ́ ọwọ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

N kò mọ̀ pé mo pariwo. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá, kí ló dé?” Mo ní kò sí nǹkan, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Omi ti lé sí mi lójú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọmọ náà ti ṣe é, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ òsì kúrò lára ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan sún máòsì. Ọfà lọ geere bí ọkọ̀ ojú irin. Ó gbé ọwọ́ òsì padà, ìgbọ̀nrìrì bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe máòsì. Ọwọ́ kejì ni.” Lẹ́yìn èyí ni ó fa okùn ṣájà yọ, kí ẹ̀rọ máa lo bátìrì nìkan. Ìgbọ̀nrìrì dáwọ́ dúró, bí ọwọ́ òsì tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ó yí ṣájà náà sọ́tùn-ún sósì, ó rí i pé ẹsẹ̀ méjì ni orí rẹ̀ ní. Ó ní, “Níbo ni ẹ ti ra èyí?” Mo ní nínú ọjà ni, ní oṣù keje, nígbà tí ti àtẹ̀yìnwá jó.

Ọ̀rọ̀ náà sì nìyí. Ní ìsàlẹ̀ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà alágbèéká, ojú pẹrẹsẹ kan wà tí a lè fi ìka pa kí ọfà lè rìn láìsí máòsì. Ojú náà kò ríran, kò sì mọ ìwúwo. Iná díẹ̀díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, bí ara ènìyàn bá sì kàn án tàbí tí ó súnmọ́ ọn, iná náà yóò yí padà díẹ̀. Ìyípadà yìí ni ó fi ń mọ ibi tí ìka wà. Ṣájà tí ó ní ẹsẹ̀ kẹta tí ó wọ ilẹ̀ máa ń rí ibi da ìdàrúdàpọ̀ inú iná sí. Tèmi kò ní. Nítorí náà, bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ, tí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà sì kan ojú pẹrẹsẹ yìí, ìdàrúdàpọ̀ iná yóò mú kí ojú náà rò pé ìka kan ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí òun. Bí mo bá ká ọwọ́ kúrò, kò sí ìka, kò sí eré. Ìdí nìyí tí ọfà fi dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà tí mo fi dá ara mi lẹ́bi. Bí mo bá sì ń tẹ̀wé, àtẹ́lẹwọ́ mi a máa kàn án gbàgì, òun a sì gbà pé mo ní kí igi tí ń ṣẹ́jú ṣí lọ síbòmíràn.

Mo bi í pé, “Láti oṣù keje ni mo ti ń lo ṣájà yìí. Kí ló dé tí kò gbọ̀n nígbà náà?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣebí èmi ni mo pa ojú yẹn fún yín lọ́dún tí ẹ ra ẹ̀rọ yìí, nígbà tí ẹ ní ó ń da iṣẹ́ yín rú?” Mo ti gbàgbé pátápátá. Ó ní àtúnṣe tuntun náà ni ó tún un ṣí. Ètò kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí ó dà bí ògbufọ̀ láàárín ẹ̀yà náà àti ọpọlọ ẹ̀rọ. Àtúnṣe ti gbé ògbufọ̀ tuntun wá fún ojú pẹrẹsẹ náà. Ògbufọ̀ tuntun kò sì mọ àdéhùn tí ògbufọ̀ àtijọ́ bá wa ṣe. Ó dá gbogbo nǹkan padà sí bí wọ́n ti wà ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ jáde. Ọmọ náà wọ inú ètò, ó tẹ ibì kan, ó pa ojú náà. Ó ki ṣájà bọ ibẹ̀ padà, ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Mo gbé wọn lé e. Ọfà kò gbọ̀n. Ó ní bí kò bá sí ibi tí a ti lè pa á ni, à bá ní kí ẹ̀rọ dá ògbufọ̀ àtijọ́ padà. Ó tún ní kí n ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kíákíá, kí n sì máa ṣe àdàkọ iṣẹ́ mi síbòmíràn kí n tó gba àtúnṣe kankan. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Nígbà tí ó lọ tán, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ti ń fi ọwọ́ pamọ́ fún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé mo ṣẹ̀ yín ni.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ọfà lọ. Òun náà ni ó fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ní kí n da omi láti inú ife kan sí òmíràn, ó sì ní kí n ya ìlà kan tí ó ń yípo bí ìkarahun ìgbín. Ó ní òun kò rí àìsàn kankan níbẹ̀ lónìí. Mo gbọ́ “lónìí” tí ó fi kún un, mo sì dúpẹ́ fún un bẹ́ẹ̀. Lónìí náà ni mo fẹ́ fi parí ìwé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ni mo tẹ̀ nígbà tí ìgbọ̀nrìrì wà níbẹ̀, n kò sì mọ àmì tí ó jẹ́ tèmi àti èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ. Mo ní kí n wo ìwé àtijọ́ tí mo fi bírò sàmì sí, ṣùgbọ́n yíǹkì ogójì ọdún ti ṣá. Kò sí ohun tí ó kù ju pé kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì karùn-ún jáde nínú àpótí, mo fi í sínú rédíò, mo sì jókòó ti ìyá náà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ìwé àtijọ́ ni mo ti ń dà kọ láti ọdún 2021, nítorí mo gbà pé ìwé náà kò lè purọ́.

Ní ojú ewé kẹtàlá nínú wọn, mo dé ibi tí ó ti ń ki bàbá ńlá wa kan. Nínú ìwé mi, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ọkọ̀, ọkọ̀ tí a ń wà lórí omi. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1983, mo tilẹ̀ ti kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ìwé pé ó jọ pé orí odò Ògùn ni àwọn bàbá ńlá wa gbà dé ibi tí a wà yìí. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Àbúrò mi kan sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Ó ti di ìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi etí sí i lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra pè é, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni. Ọ̀kọ̀ ahunṣọ, igi kékeré tí òwú wà nínú rẹ̀, èyí tí bàbá mi ń jù láìwò ó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó pè é, ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú rẹ̀ ni ó gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ náà mì, èmi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kánjú kò sì dúró gbọ́ ìkejì. Kò sí ẹni tí ó wa ọkọ̀ ojú omi rí nínú ìdílé wa. Aṣọ ni wọ́n ń hun.

Mo pa rédíò, mo sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àṣìṣe yìí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kì í ṣe ọ́pídéètì, kì í ṣe ṣájà. Etí mi ni, ó sì ti pé ogójì ọdún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ fún ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ọfà kò bá gbọ̀n, ìwé náà ni a ò bá pín fún ọmọ àti ọmọọmọ ní oṣù kejìlá, gbogbo wa ì bá sì di ọmọ awakọ̀ ojú omi títí ayé.

Bàbá mi gbé ẹ̀bi ọwọ́ rẹ̀ lé òwú lórí. Èmi gbé ẹ̀bi ẹ̀rọ lé ọwọ́ mi lórí. Àwa méjèèjì ni a jọ ṣe àṣìṣe kan náà, pé a dá ṣe ìwádìí láìpe ẹnì kan sí i. Ìdánwò tí mo ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà kò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹnì kan kò tó láti jẹ́rìí sí ara rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn bọ́ sí ààyè tèmi ni òótọ́ yọjú.

A pín ìwé náà ní Ìsẹ́yìn ní oṣù kejìlá gẹ́gẹ́ bí a ti dá a. Mo ka ojú ewé kẹtàlá yẹn sétí gbogbo ìdílé, mo sì pe ọ̀kọ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì rẹ̀. Arákùnrin àgbà kan tí ó ṣì ń hun aṣọ mi orí lẹ́yìn, ó ní, “Ṣé ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni àwa ti ń gbọ́ ọ látilẹ̀.” N kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè rí.